Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni tí a bá pe Ọlọ́run ní Ìyá nínú àdúrà?

Ìyá Olú, Ìsánlú

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀kun o. Ẹ kú iṣẹ́ kajú, ẹ kú ooru.

Ọ̀rọ̀ kan fẹ́ da ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa rú, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó lọ dúró níwájú àwọn àgbà. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ àdúrà tí a ó kà ní Ọjọ́ Àwọn Ìyá. Torí pé mo ṣe tíṣà rí, ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ bírò àti ìwé, orí mi ni wọ́n ń dì í lé. Mo kọ ọ́, mo mú un lọ sípàdé lọ́jọ́ tí a jókòó ti ẹ̀gúsí tí a ń bó fún ọbẹ̀ àlejò. Mo ń kà á lọ, wọ́n ń ṣe àmín, títí mo fi dé ibi tí mo kọ pé: "Ìwọ tí o lóyún wa, tí o pọ̀n wá, Ìyá tí kì í gbàgbé ọmọ ọmú rẹ̀."

Gbogbo ọwọ́ dúró nínú igbá. Ìyá àgbà kan ní, "Há! Ta ni Ìyá?" Òmíràn ní Màríà ni mò ń ké pè, pé mo ti di Àgùdà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó alàgbà kan wà níbẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ tí a kì í gbóhùn rẹ̀ nípàdé, òun ló bú sẹ́kún. Mo rò pé inú ló ń bí i. Ó ní rárá o, ọjọ́ tí wọ́n bí òun ni ìyá òun kú, òun ò sì mọ̀ látọjọ́ yìí pé ẹnì kan lè fi orúkọ yẹn pe Ọlọ́run. Àwọn tó kù ò gbọ́ tirẹ̀, ariwo ti gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé etí ẹni tó yẹ àti ẹni tí kò yẹ. Wọ́n ní kí n yọ gbólóhùn náà, tàbí kí n wá ṣàlàyé ara mi.

Ibi tó ń dùn mí rèé. Opó ni mí. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá Olú, ìyá ẹgbẹ́ wa gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ké, "Ọkọ opó! Ọkọ opó! Má fi í sílẹ̀!" Gbogbo ilé ṣe àmín. Ẹnikẹ́ni ò béèrè pé ìgbà wo ni Ọlọ́run san owó orí mi. Ẹnikẹ́ni ò ní mo ti lọ́kọ mìíràn kí erùpẹ̀ tó gbẹ. A mọ̀ pé ohun tí Ó ń ṣe fún opó la fi ń kì Í. Mo sì lọ yẹ Bíbélì wò, torí ojú mi ò kúrò lára ìwé. Sáàmù 68 ẹsẹ 5 ní Baba aláìní baba, onídàájọ́ àwọn opó. Onídàájọ́ ló kọ síbẹ̀, kò kọ ọkọ. Aísáyà 54 ni ọ̀rọ̀ ọkọ wà, níbi tó ti sọ fún obìnrin tí ojú ìwà opó ń tì pé Ẹlẹ́dàá rẹ ni ọkọ rẹ. Ẹnu àwa fúnra wa ló pa méjèèjì pọ̀ di oríkì, ó sì bá wa lára mu. Ìwé Aísáyà kan náà, orí 49 ẹsẹ 15, ló béèrè bóyá obìnrin lè gbàgbé ọmọ ọmú rẹ̀. Orí 66 ẹsẹ 13 ló ní bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń tù nínú ni Òun yóò ṣe tù wọ́n nínú. Báwo ni ọkọ ṣe tutù lẹ́nu tí ìyá wá gbóná?

Ìbéèrè mi nìyí. Ṣé ọkùnrin ni Ọlọ́run lóòótọ́, àbí àwa la ń wò Ó bẹ́ẹ̀? Tí kì í bá ṣe ọkùnrin, kí ló burú nínú ohun tí mo kọ? Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kọ́kọ́ dáhùn ná, kó tó máa bú mi lọ.

---

Bọ́dé Ìyàrá

Mọ̀mí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èyí ò le rárá. Àwa Yorùbá, "ó" là ń pe gbogbo ẹ̀dá, ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló ní tọkùnrin lọ́tọ̀, tobìnrin lọ́tọ̀, àwọn ni wọ́n ni wàhálà. Ní February 2023 ni Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àwọn fẹ́ wádìí bóyá àwọn lè máa sọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú ìsìn láìfi ṣe akọ tàbí abo, ariwo sì sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá ìjà wọn lọ lọ́hùn-ún. Ìjà àwa ni ọ̀nà Kábà tó ti bàjẹ́.

---

Ìyá Olú, Ìsánlú

Bọ́dé ọmọ mi, o ṣeun, àmọ́ ìyẹn ò tó. Òótọ́ ni pé "ó" wa kò lákọ kò lábo. Ṣùgbọ́n lọ sọ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi mi pé kí wọ́n ya Ọlọ́run, kí o wo ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ yà. Irùngbọ̀n ni. Yorùbá ni wọ́n ń sọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fà, ibo ni wọ́n ti rí irùngbọ̀n?

Lára kàlẹ́ńdà ni. Ọ̀kan wà ní pálọ̀ mi níbí tí mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, ìjọ kan ló tẹ̀ ẹ́. Bàbá òyìnbó kan jókòó sórí ìkúùkù, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun dé àyà, aṣọ rẹ̀ funfun, ó na ìka kan sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí. Fọ́tò àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọ yí i ká, gbogbo wọn de táì, gbogbo wọn jẹ́ ọkùnrin, àfi ìyá ẹgbẹ́ nìkan tí wọ́n fi sí igun ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù December. Ọmọ tó bá ń wo èyí láàárọ̀, tó tún ń wò ó lálẹ́, kí ni "ó" fẹ́ ṣe fún un?

Ẹ sì lọ ka Diutarónómì 4, ẹsẹ 15 àti 16. Mósè rán wọn létí pé wọn ò rí ìrísí kankan lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá wọn sọ̀rọ̀ láti inú iná ní Hórébù, torí náà kí wọ́n má ṣe yá ère, àwòrán akọ tàbí abo. Akọ àti abo ló kọ́kọ́ dárúkọ, kó tó kan ẹranko, ẹyẹ àti ẹja. Àwọn tó ní kí n yọ "Ìyá" kúrò nínú ìwé mi, mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni já kàlẹ́ńdà.

---

Aláṣẹ Mọ́pà

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ti gba ìjọ tán, ó wá ku Ọlọ́run tí ẹ fẹ́ gbà.

---

Ìyá Olú, Ìsánlú

Ìjọ wo la gbà? Àwa là ń gbá a, ẹ̀yin lẹ̀ ń jókòó sí i.

---

Díákónì, Ẹ̀gbẹ̀

Ìyá wa, mo kí yín o. Mi ò ní bú yín, mo sì bẹ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ òkè yẹn kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ba àwọn àgbà lẹ́rù, bóyá wọn ò rí i sọ dáadáa fún yín.

Ibi kan wà tí a ò jà rárá. Ẹ̀mí ni Ọlọ́run, Jésù ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú Jòhánù 4 ẹsẹ 24. Ẹ̀mí ò ní ara, ẹni tí kò lára kò lè jẹ́ ọkùnrin bí èmi ṣe jẹ́ ọkùnrin. Hóséà 11 ẹsẹ 9 ní Ọlọ́run ni Òun, Òun kì í ṣe ènìyàn. Jẹ́nẹ́sísì 1 ẹsẹ 27 ní ní àwòrán ara Rẹ̀ ló dá wọn, takọ tabo. Tí ó bá jẹ́ ọkùnrin nìkan ló ní àwòrán yẹn, ìyá mi kò jọ Ọ́ nìyẹn, mi ò sì ní gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Lórí kàlẹ́ńdà, mo wà lẹ́yìn yín gbágbáágbá.

Àmọ́ ẹ wò ó: kí a fi nǹkan wé Ọlọ́run yàtọ̀ sí kí a fi nǹkan pè É. Aísáyà 66 tí ẹ tọ́ka sí, "bí" ló fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń tù nínú. Nínú Mátíù 23 ẹsẹ 37, Jésù ní Òun fẹ́ kó àwọn ọmọ Jerúsálẹ́mù jọ bí àgbébọ̀ adìẹ ṣe ń kó ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́. Síbẹ̀ mi ò tíì rí ìjọ tó ń gbàdúrà pé "Àgbébọ̀ wa tí ń bẹ ní ọ̀run." Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní kó kọ́ àwọn ní àdúrà, "Baba" ló fi sí wọn lẹ́nu. Kì í ṣe pé kò mọ ìyá. Orí àgbélébùú ló ti fi ìyá tirẹ̀ lé Jòhánù lọ́wọ́.

Ìdí mìíràn tún wà tó le jù. Gbogbo ilẹ̀ tó yí Ísírẹ́lì ká ló ní òrìṣà obìnrin. Ẹ ka Jeremáyà 44: àwọn obìnrin Júdà sọ fún wòlíì lójú ara rẹ̀ pé láti ìgbà tí àwọn ti dẹ́kun àtisun tùràrí fún ayaba ọ̀run ni ebi ti ń pa àwọn, pé àwọn ò ní fi í sílẹ̀, àti pé àwọn ọkọ àwọn mọ̀ sí i. Ẹ̀rù yẹn ló wà nínú egungun àwọn tó kọ Bíbélì. Ẹ̀rù yẹn náà ló sì wà lọ́dọ̀ àwọn baba wa níbí. Láti 1908 tí Titcombe, míṣọ́nnárì òyìnbó yẹn, ti gbé ìyìn rere dé Ẹ̀gbẹ̀, àwọn tó fi ebọra sílẹ̀ san owó rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn. Tí ọmọ wọn bá wá gbọ́ orúkọ tuntun nínú àdúrà, wọn ó béèrè pé ọ̀dọ̀ ta ni a ti mú un wá. Ẹ fara dà á fún wọn.

---

Ìyá Olú, Ìsánlú

Díákónì, ẹ ṣeun. Ẹ dáhùn bí ọmọlúàbí, ẹ ò sì pè mí ní àjẹ́, ìyẹn ti tó ọpẹ́. Àgbébọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín débi pé ọmọ ọmọ mi wá yọjú wò mí.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì jẹ́ kí ẹ lọ. Ẹ ní fífi nǹkan wé e yàtọ̀ sí pípè. Àpáta ńkọ́? Diutarónómì 32 ẹsẹ 18 ní Àpáta tó bí ọ ni o gbàgbé, Ọlọ́run tó bí ọ. Nínú ẹsẹ kan ṣoṣo, òkúta ń bímọ! A ń pe "Àpáta mi" nínú àdúrà láàárọ̀ lálẹ́, kò sí "bí" níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní a ti ń bọ òkè Àgbájá. A ń pè É ní Asà, a ń pè É ní Ilé Ìṣọ́. Jésù, a ń pè É ní Ọ̀dọ́ Àgùntàn, a tún ń pè É ní Kìnnìún, nígbà mìíràn nínú àdúrà kan náà. Òkúta ṣeé pè, ẹranko ṣeé pè, irin ṣeé pè. Obìnrin tó bí yín nìkan ni kò ṣeé pè?

Ti ayaba ọ̀run, mo gbà pé ẹ̀rù gidi ni. Ṣùgbọ́n nínú àwọn òrìṣà tó yí wọn ká, Báálì ọkùnrin ni, Mólékì ọkùnrin ni, wọn ò torí ìyẹn dẹ́kun àtipe Ọlọ́run ní Baba.

---

Ìyá Súléè, Lọ́kọ́ja

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i, bí ẹ bá gba ẹni tó ń kírun láyè.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í pe Allāhu ní Baba, a kì í sì í pè É ní Ìyá. Sura 112 ti parí ẹ̀: kò bímọ, a kò sì bí I. Sura 42 ẹsẹ 11 ní kò sí ohun kan tó dà bí Rẹ̀. "Huwa" tí àwọn Lárúbáwá ń lò fún Un, tọkùnrin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n huwa náà ni wọ́n ń pe ìwé, huwa ni wọ́n ń pe òṣùpá, torí pé èdè wọn ò fún ohunkóhun láyè kó má jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹnikẹ́ni ò ní òṣùpá nírùngbọ̀n.

Àwọn ará Mékà ayé àtijọ́ ní Lāt, ʿUzzā àti Manāt jẹ́ ọmọbìnrin Ọlọ́run. Sura 53 dá wọn lóhùn pé ṣé ẹ̀yin ló ni ọmọkùnrin, Òun ló ni ọmọbìnrin? Ìpín wo nìyẹn! Wọn ò fẹ́ ọmọbìnrin fún ara wọn, àwọn mìíràn ń sin wọ́n láàyè, wọ́n wá ń fi ta Ọlọ́run lọ́rẹ.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an ni hàdíìsì kan, ìtàn ọ̀rọ̀ Ànábì, tí Bukhari àti Muslim, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì tó kó hàdíìsì jọ, gbà wá. Wọ́n kó àwọn ẹrú ogun dé iwájú Ànábì. Obìnrin kan wà láàárín wọn, ó ń sá sókè sódò, ó ń wá ọmọ. Ọmọ tó bá rí, á gbé e mọ́ àyà, á fún un lọ́mú. Ànábì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó yí i ká pé, ṣé ẹ rò pé obìnrin yìí lè ju ọmọ rẹ̀ síná? Wọ́n ní láéláé, tí agbára rẹ̀ bá ká a. Ó ní àánú Allāhu sí àwọn ẹrú Rẹ̀ ju ti obìnrin yìí sí ọmọ rẹ̀ lọ. Kò pe Allāhu ní ìyá o. Ó fi ìyá ṣe òṣùwọ̀n, ó ní Òun kọjá rẹ̀. Kò wá bàbá kankan láti fi wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ yẹn.

Torí náà èmi àti Díákónì ti di ọ̀kan. Kí ẹ má sọ fún alfa mi.

---

Kátíkíìsì, Kábà

Ẹni tó ní Ìyá Olú ti di Àgùdà, ẹ ní kó fọkàn balẹ̀, a ò tíì rí fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Màríà kì í ṣe Ọlọ́run lọ́dọ̀ wa, ẹ bá mi sọ fún ìyá yẹn. Nípa Ọlọ́run, ìwé Kátíkísìmù wa kọ ọ́ ní nọ́ńbà 239 pé Ó kọjá ìyàtọ̀ akọ àti abo, kì í ṣe ọkùnrin, kì í ṣe obìnrin, Ọlọ́run ni. Pópù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kìíní, èyí tó lo ọjọ́ 33 péré lórí oyè, sọ fún àwọn èrò ní Róòmù ní September 10, 1978, pé Baba wa ni Ọlọ́run, ju bẹ́ẹ̀ lọ Ìyá ni. Ayé ò parí. Ní ti Ẹ̀mí Mímọ́, èdè Hébérù fi ẹ̀mí sí abo, Látìnì fi sí akọ, Gíríìkì ò fi síbì kankan, Ẹ̀mí kan náà ló ń bà lé gbogbo wọn.

Síbẹ̀ "Baba wa" là ń kà ní Mísà, a ò sì yí i.

---

Bàbá Bùnú

Ẹ kú àríyànjiyàn. Mo ti darúgbó, mi ò ní pẹ́.

Ọ̀dọ̀ wa ní Bùnú, obìnrin ló ń hun aṣọ, láti inú òwú dé orí òfì. Aṣọ pupa ìpò tí a fi ń sin ẹni ńlá, tí owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, mo rí ìyá mi nídìí òfì bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, tí yóò gbé ẹ̀yìn ti ògiri, tí yóò máa fi ọ̀pá gbá òwú wálẹ̀, tí kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí yóò fi dé ibi tó fẹ́ dé. Lágbègbè Kábà, àwọn obìnrin Ófósì wà. Tí ẹ̀mí bá gùn wọ́n, èdè tí ẹlòmíràn ò gbọ́ ni wọ́n ń sọ, bàbá kì í bàbá tó kó dá wọn lẹ́kun. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwọn baba wa ò fi obìnrin sídìí nǹkan mímọ́ kò dàgbà sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀mí àti òrìṣà la fún ní akọ àti abo. Odùduwà gan-an, ibì kan á ní ọkùnrin, ibòmíràn á ní obìnrin. Olódùmarè kò ní ère, kò ní ojúbọ, a ò sì gbẹ́ ẹ rí. Ẹ ti wọ Ọ́ láṣọ ọkùnrin, ẹ tún fẹ́ wọ Ọ́ láṣọ obìnrin. Tèmi ni kí ẹ bọ́ méjèèjì.

---

Ìyá Olú, Ìsánlú

Bàbá, a dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ìrora kì í ké pe ẹni tí kò lórúkọ o. Kò sẹ́ni tó ń rọbí tó ń ké pé "Ìwọ tí kò ṣe akọ tí kò ṣe abo." Yéè ìyá mi ló máa ń jáde, kódà lẹ́nu ọkùnrin tí àdá bá bọ́ sí lẹ́sẹ̀.

Mo ti lọ bá àwọn àgbà. Mi ò ní sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí a fi í tì sí nìyí: "Baba Wa" wà níbi tó wà, n kò fọwọ́ kàn án, n kò sì pète àtifọwọ́ kàn án tẹ́lẹ̀. Gbólóhùn "Ìyá tí kì í gbàgbé" yóò kúrò. Níbi tó wà, a ó ka Aísáyà 49 ẹsẹ 14 sí 16 àti orí 66 ẹsẹ 13, bí wọ́n ṣe wà, láìfi kún un, láìyọ nínú rẹ̀. Mo ní tí a bá ti fẹ́ kà á, kì í ṣe ọkùnrin ni yóò kà á. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n gbà. Ìyàwó alàgbà yẹn ni mo fún. Ó ní òun ò lè kàwé láwùjọ, mo ní àá jọ máa kọ́ ọ títí yóò fi mọ̀ ọ́n lórí.

Díákónì, ẹ má rò pé ẹ borí mi. Àpáta mi ò tíì gba èsì. Mo kàn rí i pé àdúrà ìjọ, gbogbo ẹnu ló ń jẹ ẹ́, n kò sì fẹ́ kí ìyá àgbà tó ti sin Ọlọ́run láti ìgbà èwe rẹ̀ dákẹ́ sí ìdajì àdúrà tí èmi kọ. Nínú yàrá mi, ohun tí mo ń pe Ọlọ́run, èmi àti Òun la mọ̀ ọ́n.

Kàlẹ́ńdà, mo ti fi sáàsì gé òkè rẹ̀. Mo fi ọjọ́ sílẹ̀ torí mo nílò rẹ̀ fún àjọ. Bọ́dé, ìyá rẹ sọ fún mi pé o ń gba Ìsánlú kọjá lọ́jọ́ Ẹtì. Bá mi ya ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ní Kábà, àádọ́ta ẹ̀dà, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ẹgbẹ́ ti san àsansílẹ̀. Má jẹ́ kó fi àwòrán kankan sí iwájú rẹ̀ o.